Ìgbà wo ló yẹ kí implant wọ ihò eyín tí wọ́n yọ? Ọjọ́ kan náà, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin, àbí ìdajì ọdún

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tètè béèrè ìbéèrè yìí. Wọ́n á ti yọ eyín tán, wọ́n á ti lọ sílé, ojú ọgbẹ́ á ti jiná, kí wọ́n tó wá dókítà tó máa bá wọn fi implant, gbòǹgbò àtọwọ́dá tí wọ́n ń gbìn sínú egungun, sí i. Nígbà yẹn, díẹ̀ nínú ohun tí wọn ì bá yàn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí egungun tó yí eyín ká kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí eyín bá ti kúrò ló ti ń súnkì. Ìwádìí kan láti Denmark, tó jáde lọ́dún 2003, tọpa ibi tí wọ́n ti yọ eyín ẹ̀yìn fún ọdún kan gbáko. Fífẹ̀ egungun ibẹ̀ dín kù láti nǹkan bíi mìlímítà 12 sí nǹkan bíi 6, ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù yẹn ló sì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́.

Tí ẹ bá ń ka èyí nígbà tí eyín náà ṣì wà lẹ́nu yín, gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra ló ṣì ṣí sílẹ̀ fún yín. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá yín mu.

Skúrù kékeré tí wọ́n fi titanium ṣe ni implant. Òun ló ń gba ipò gbòǹgbò eyín nínú egungun. Egungun á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé eyín lé e lórí. Per-Ingvar Brånemark, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi irú rẹ̀ sẹ́nu Gösta Larsson ní Gothenburg lọ́dún 1965, Larsson sì ń fi jẹun títí tó fi kú lọ́dún 2006. Òfin Brånemark le. Ẹ̀yin á dúró ọ̀pọ̀ oṣù kí ojú ihò jiná, wọ́n á wá fi implant sí i, ẹ ó tún dúró bí oṣù 3 fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀, oṣù 6 fún ti òkè, kí eyín tó gun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1970 náà ni Wilfried Schulte ní Tübingen, ní Jámánì, ti ń fi implant sínú ihò lọ́jọ́ tí eyín jáde. Àríyànjiyàn ti wà láti ìgbà náà.

Lọ́dún 2003, àwọn ọ̀mọ̀ràn ITI, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí iṣẹ́ implant, pàdé ní Gstaad ní Switzerland, wọ́n sì pín àkókò sí mẹ́rin: ọjọ́ tí eyín jáde gan-an, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, nígbà tí erìgì ti bo ojú ihò, ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, nígbà tí egungun tuntun ti ń kún inú rẹ̀, àti èyí tó kọjá ọ̀sẹ̀ 16, tí wọ́n wá ń pè ní oṣù 6 sókè lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti jiná pátápátá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò ni wọ́n fi pín in, iye ọjọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ìpín yẹn ni mo máa lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun kan sọ́tọ̀, torí àwọn tó ń polówó máa ń dà á pọ̀. Fífi implant sínú egungun ọ̀tọ̀, gbígbé eyín lé e lórí ọ̀tọ̀. Wọ́n lè fi implant sí i lónìí kí wọ́n sì rán erìgì bò ó fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí eyín kankan tó débẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ọjọ́ kan náà", kó béèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ògiri egungun tó wà lápá ètè ló ṣáájú, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù. Lára eyín iwájú lókè, ògiri yìí kì í tó mìlímítà 1 lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí èèpo ẹyin ló rí. Ara eyín ló ti ń rí púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, bí eyín bá lọ, ó ń kú lọ nìyẹn. Àwọn olùwádìí ní Bern, Switzerland, wọn ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, èsì wọn sì jáde lọ́dún 2013: níbi tí ògiri ò ti ju mìlímítà 1 lọ, gíga rẹ̀ tó wọlẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 7.5, níbi tó ti nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 1.1 péré ni. Ẹnu méjì, eyín kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, àmọ́ ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó báyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi yan ọjọ́ lórí ẹ́síréè lásán. Ẹ́síréè kì í fi bí ògiri yẹn ṣe nípọn tó hàn. CT scan ẹnu ló ń fi í hàn.

Èkejì ni àrùn. Ṣé ọyún wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú? Ṣé ihò ńlá ti wà nínú egungun ní ìdí gbòǹgbò? Ẹ̀kẹta ni bóyá implant lè dì mú ṣinṣin lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i. Ihò eyín fẹ̀ ju implant lọ, nítorí náà egungun tó wà kọjá ìdí ihò, nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4, ló máa gbà á dúró. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ pé iṣan ńlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí yàrá afẹ́fẹ́ tó wà lókè eyín ẹ̀yìn, kò sí ibi tó máa dì mú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rẹ́rìn-ín síwájú dígí. Bí erìgì yín bá hàn nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, àṣìṣe mìlímítà 1 á hàn sí gbogbo ayé. Bí ètè bá bò ó, tàbí tó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn, ẹ ní ààyè díẹ̀. Erìgì tó fẹ́lẹ́ náà máa ń tètè fà sókè ju èyí tó nípọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ara yín fúnra rẹ̀: àtọ̀gbẹ tí kò sí ní ìkáwọ́, sìgá, oògùn egungun bíi alendronate tàbí zoledronic acid, iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ti fi sí àgbọ̀n rí. Àwọn wọ̀nyí lè sún gbogbo ọjọ́ síwájú, wọ́n sì lè mú kí implant má yẹ rárá. Ẹ má fi wọ́n pa mọ́ fún dókítà eyín torí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ eyín lásán ni. Owó àti iye ìgbà tí ẹ ó lọ sí ilé ìwòsàn ló kẹ́yìn nínú ohun tí mo ń wò, àmọ́ àwọn kan wà tó ń fi í ṣáájú.

Ọjọ́ tí eyín jáde gan-an

Èyí ni ìpolówó ń pariwo jù, mo sì mọ ìdí. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, èèyàn á sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oṣù ìdúró. Dókítà á rọra yọ eyín kí ògiri má bàa fọ́, á fọ ihò náà mọ́, á gbẹ́ ojú implant sínú egungun tó wà kọjá ìdí ihò. Tó bá jẹ́ eyín iwájú lókè, á tẹ̀ ẹ́ sí apá àjà ẹnu kó lè jìnnà sí ògiri apá ètè. Àlàfo tó bá kù láàárín implant àti ògiri náà ni wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú egungun dí.

Àwọn kan ṣì ń sọ fún èèyàn pé tí implant bá tètè wọlé, egungun ò ní súnkì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Araújo, Lindhe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ajá dán an wò, èsì wọn sì jáde lọ́dún 2005: ògiri náà ṣì wọlẹ̀, implant ò sì dá a dúró. Lẹ́búlẹ́bú egungun tí wọ́n fi ń dí àlàfo máa ń dín àdánù náà kù, kì í pa á rẹ́. Bí ògiri bá wọlẹ̀, erìgì lè tẹ̀lé e. Tó bá di ọdún kan sí méjì, eyín iwájú náà lè wá gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ, tàbí kí àwọ̀ irin máa yọ lábẹ́ erìgì. Implant ò jábọ́ o, ó dì mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ò ní fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ti dídúró, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń yege, ṣùgbọ́n ìpín tó ń yege fi díẹ̀ kéré sí ti èyí tí wọ́n fi sínú egungun tó ti jiná. Ó tún gba ọwọ́ tó mọṣẹ́ gan-an. Ẹni tó ń fi ọdún kan ṣe implant mélòó kan péré kọ́ ló yẹ kó fi eyín iwájú yín kọ́ṣẹ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí n tó gbà pé ẹ lè yàn án: ògiri pé, ó sì nípọn ju mìlímítà 1 lọ, erìgì nípọn, kò sí ọyún, egungun wà kọjá ìdí ihò. Eyín tó kán nínú jàǹbá ọ̀kadà tàbí lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí gbòǹgbò rẹ̀ ò sì ní àrùn, ló máa ń pé ohun wọ̀nyí jù. Eyín tó ti ń dunni láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò tù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í sábà pé e.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé eyín ìgbà díẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fẹ́ kí agbára tí wọ́n fi dè é tó 35 Ncm (Ncm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi yí skúrù). Eyín yẹn, ojú lásán ló wà fún. Wọ́n á gé e kúrú kó má kan eyín ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò lè rí egungun adìyẹ kó má fọ́ ọ, tàbí tó ń fi eyín ṣí ìgò, kó yé fi ara rẹ̀ sínú wàhálà yìí.

Ṣé ó dínwó? Nígbà mìíràn. Iṣẹ́ abẹ kan ti yọ kúrò nínú owó, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú egungun àti eyín ìgbà díẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sì kùnà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú egungun tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8

Tó bá jẹ́ eyín iwájú ni ọ̀rọ̀ kàn, tí ògiri sì tín-ín-rín, èyí ni mo máa yàn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi. Wọ́n á yọ eyín, wọ́n á fọ inú ihò, ẹ ó lọ sílé. Erìgì á bo ojú ihò fúnra rẹ̀, ọyún tó bá wà á gbẹ. Ògiri tó tín-ín-rín á ti wọlẹ̀ ní tirẹ̀, àdánù yẹn á ti hàn gbangba, dókítà ò ní máa méfò nípa rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà, erìgì ti pọ̀ sí i, wọ́n á rí ẹran tó tó láti ṣí, láti fi implant sí i, láti to lẹ́búlẹ́bú egungun sí apá ètè, láti fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí wọ́n sì rán gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn ará Bern ti lo ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lára eyín iwájú.

Àléébù rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ méjì, àti lẹ́búlẹ́bú egungun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Inú ihò náà ò tíì ní egungun tuntun tó le, nítorí náà ìṣòro dídì mú ṣinṣin ṣì wà, pàápàá níbi eyín ẹ̀yìn oní-gbòǹgbò méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín àkókò yẹn, eyín tó ṣeé yọ wọ̀ ni wọ́n á fún yín tí ẹ ò bá fẹ́ kí ihò hàn. Kó má tẹ erìgì ibẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ padà kí wọ́n fá a díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú egungun yìí, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ti màlúù ló wọ́pọ̀ jù, awọ tí wọ́n fi ń bò ó sì máa ń jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ nígbà púpọ̀. Awọ ti màlúù wà, èyí tí wọ́n ṣe láìlo ẹran kankan náà wà. Mùsùlùmí tí kò bá fẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ kó sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, torí ọjà tó ń ti òkè òkun wá ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n lè sáré rà láàárín wákàtí kan.

Ọ̀sẹ̀ 12 sí 16

Eyín ẹ̀yìn ni mo máa ń ronú kàn níbí. Gbòǹgbò mẹ́ta fi ihò ńlá sílẹ̀, tàbí àrùn ti jẹ egungun ní ìdí rẹ̀, kò sì sí ohun tí implant lè dì mú ní ọ̀sẹ̀ 6. Ní oṣù 3 sí 4, egungun tuntun ti kún ibẹ̀ díẹ̀, implant á dì mú, iṣẹ́ náà á sì rọrùn fún dókítà. Egungun á ti súnkì ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọ̀n fẹ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó nígbà ẹ̀rín. Nígbà púpọ̀, wọn ò ní nílò lẹ́búlẹ́bú egungun rárá, èyí sì máa ń jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú. Fún eyín ẹ̀yìn tó bàjẹ́ gan-an, mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa kánjú kọjá èyí.

Oṣù 6 sókè

Àwọn tí kò ní yíyàn mìíràn ló máa ń wà níbí: ìyá tó lóyún, ẹni tí àpò omi ńlá ti jẹ egungun rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì le, àti ọ̀dọ́ tó ṣì ń dàgbà. Níbí ni egungun ti jiná jù, ìpín tó ń yege níbẹ̀ sì ga gidigidi. Ohun tí ẹ fi san án ni egungun tó ti lọ. Lókè lápá ẹ̀yìn, yàrá afẹ́fẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí gbòǹgbò wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lè nílò láti gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kí implant tó ráyè. Iṣẹ́ abẹ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn.

Ọ̀nà kan wà láti fi dín àdánù náà kù. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní rí implant ṣe kí oṣù 6 tó pé, yálà torí owó tàbí torí ara, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú egungun dí ihò náà lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín, kí wọ́n sì bò ó. Egungun á ṣì súnkì, ṣùgbọ́n kò ní tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni ohun tí àwọn tó ń yọ eyín kì í sábà mẹ́nu bà, kò sì ṣeé ṣe mọ́ tí ihò náà bá ti jiná.

Ẹni tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò sí lábẹ́ òfin àkókò kankan mọ́. Egungun tó kù lórí CT scan ló máa sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń rò pé ó ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Owó, àti àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀

Nílé, àpò ara ẹni ni owó implant ti ń jáde, ohun èlò rẹ̀ sì ń ti òkè òkun wọlé, iye rẹ̀ ń bá dọ́là lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe iye owó "implant" kan ṣoṣo fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele: yíyọ eyín, CT scan, implant, lẹ́búlẹ́bú egungun àti awọ, eyín ìgbà díẹ̀, eyín gangan tó máa wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ń ṣẹlẹ̀ torí pé oníbàárà rò pé eyín wà nínú owó tó san. Ní Britain, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í sábà sanwó rẹ̀, àfi àwọn bíi ẹni tí jàǹbá tàbí jẹjẹrẹ ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ tàbí tí kò lè lo eyín àtọwọ́dá. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa ní London fi ń fi í sínú ètò ìrìn àjò wọn wálé ní December.

Ẹni tó bá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní ìdánwò ńlá: ọjọ́ kan náà nìkan ló bá àkókò rẹ̀ mu, nítorí náà ni wọ́n á ṣe fún un, bó yẹ ẹnu rẹ̀ tàbí kò yẹ ẹ́. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kó yọ eyín lọ́hùn-ún, ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n fi implant sí i nígbà tó bá wálé, kó sì padà wá gbé eyín lé e, tàbí kó ṣe ìyẹn lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gba orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe implant náà àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, torí ohun èlò ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn. Níbikíbi tó bá ti ṣe é, kó rí i pé orúkọ dókítà wà nínú ìwé àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀, ìyẹn MDCN fún Nàìjíríà tàbí GDC fún Britain.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Eyín iwájú tó kán, ògiri rẹ̀ nípọn, erìgì nípọn, kò sí ọyún, dókítà sì ti ń ṣe é dáadáa: ọjọ́ kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìwọ̀n ògiri náà lórí CT scan fúnra yín kí ẹ tó gbà.

Eyín iwájú tí ògiri rẹ̀ tín-ín-rín tàbí tó ti fọ́, tàbí tó ní ọyún díẹ̀, lẹ́nu ẹni tí erìgì rẹ̀ ń hàn tó bá ń rẹ́rìn-ín: ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ẹni tó ń mu sìgá lè lo ọ̀sẹ̀ yẹn fi í sílẹ̀. Bí kò bá lè fi í sílẹ̀, kó mọ̀ pé ewu kí implant kùnà ga sí i ní gbogbo ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Eyín ẹ̀yìn tí àrùn ti jẹ ìdí rẹ̀, tàbí ẹni tí owó lẹ́búlẹ́bú egungun ń ni lára: ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà lè wà níbí, kó fi oṣù mẹ́ta yẹn mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn egungun, ẹni tí wọ́n ti fi iná jẹjẹrẹ sí àgbọ̀n rẹ̀, kí ó má tíì yan ọjọ́ kankan, títí kan ọjọ́ yíyọ eyín. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, níbi tí dókítà eyín àti dókítà jẹjẹrẹ ti lè jọ jókòó sọ̀rọ̀, ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ ọdún 15 tí eyín iwájú rẹ̀ jáde lórí pápá bọ́ọ̀lù, kó dúró. Implant kì í bá egungun dàgbà. Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ á dúró sókè, ìyàtọ̀ náà á sì burú sí i lọ́dọọdún. Ó gbọ́dọ̀ dàgbà tán, èyí tí àwọn dókítà máa ń fi ẹ́síréè tí wọ́n yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ọdún mọ̀. Títí dìgbà náà, eyín tó ṣeé yọ wọ̀ tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣe é, kí àwọn òbí rẹ̀ sì máa gbé e lọ kí wọ́n tún un ṣe bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń tóbi sí i.